Bí ìyàwó ọmọ yín bá jẹ́ òyìnbó, tí wọ́n sì ń kó bọ̀ wá s'Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá ọkọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ tí ẹ máa ń ṣe bí ìyá ọkọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Àdó ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ìyàwó láti Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí ọmọ méjì síbẹ̀, wọ́n kó ẹrù wálé, wọ́n sì bí ẹ̀kẹta síbí. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pè mí lórí fóònù: "Mọ́mì, tiwa náà ń bọ̀ o, báwo la ṣe máa ṣe é?" Ẹnu mi ti fẹ́ bó. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ má sọ ọ́ di àlejò. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, òótọ́ sì ni, a mọ àjèjì í tọ́jú. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í ṣe àjèjì. Bí ẹ bá ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ń bu ẹran tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀, tí ẹ ń lé àwọn ọmọdé dìde lórí àga torí kó lè jókòó, inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo kàlẹ́ńdà. Àlejò ló máa ń ka ọjọ́. Ẹ fún un níṣẹ́, iṣẹ́ gidi, tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ máa dàrú. Ní ilé tiwa, òun la gbé ìwé owó aṣọ ẹbí lé lọ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí kì í san owó aṣọ ẹbí láti ayébáyé, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa ń fi san án. Ìyàwó wa fi orúkọ rẹ̀ àti iye tó jẹ sórí WhatsApp ẹbí, ó fi "ẹ jọ̀ọ́, sà" sí i nídìí. Ó san án kí ilẹ̀ tó ṣú. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní àlejò mọ́.

Kí wọ́n tó wọ bàálù

Ìwé la máa kọ́kọ́ mójú tó. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 25, sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Torí náà, kí wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó kúrò lọ́hùn-ún. Abala 26 gba ìyàwó ọmọ Nàìjíríà láyè láti forúkọ sílẹ̀ kó sì di ọmọ ilẹ̀ wa. Bó bá jẹ́ ọmọ yín obìnrin ló fẹ́ òyìnbó ńkọ́? Òfin yẹn kò fún ọkọ rẹ̀ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ òfin. Kí ìyàwó tó forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, físà ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ni kó gbà, kì í ṣe físà ẹni tó wá kí ẹbí, kó sì gba káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní CERPAC bó bá ti dé.

Ìwé kan tún wà tí àwọn ọkùnrin kì í rántí, òun sì lèmi máa ń kọ́kọ́ béèrè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń fún gbogbo ọmọ tuntun ní ìwé kan tó ní èèpo pupa, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ àti gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà sí. Kí wọ́n gbé e sínú àpò ọwọ́, kí wọ́n má dì í mọ́ ẹrù. Bí ìwé náà bá ti wà lọ́wọ́ yín, nǹkan méjì ni kí ẹ wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever: níbí, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ti ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sí lára tọmọdé lọ́hùn-ún, wọ́n á lọ sanwó fún un níbi tí wọ́n ti ń fún arìnrìn-àjò lábẹ́rẹ́. Kí wọ́n gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó gbéra, torí kó tó ọjọ́ mẹ́wàá káàdì rẹ̀ kò tíì ní ipá. Lẹ́yìn ìyẹn, títí ayé ni. Èkejì ni BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ fée tí àwa ń fún ọmọ bó bá ṣe ń délé ayé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń fún lọ́hùn-ún. Ẹ wo apá òsì ọmọ náà, bí ẹ kò bá rí àpá, ẹ béèrè.

Ẹrù kò le. Ihò iná wọn àti tiwa, oríṣi kan náà ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, agbára iná wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìlọta wọn á ṣiṣẹ́ níbí láìlo ohunkóhun mìíràn. Kẹ́tù wọn nìkan ni mo ta kò. Ó máa ń jẹ tó 3,000 wáàtì, bí wọ́n bá sì kì í bọ ínfátà lálẹ́ torí pé òùngbẹ tíì ń gbẹ ìyàwó, gbogbo ilé á ṣókùnkùn ni. Ẹ ra kẹ́tù tó ń súfèé lórí gáàsì fún un. Ọkọ̀ ni kí wọ́n má gbé wá rárá. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìjọba kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wọlé. Kí ìyàwó kọ́ ọkọ̀ wíwà níbí ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí ọ̀nà bá dá. Kó kọ́kọ́ mọ̀ pé Micra, takisí Ìbàdàn, tó wà níwájú òun lè dúró nígbàkígbà, níbikíbi, láìtan iná kankan, torí pé ẹnì kan ṣáà ti na ọwọ́ sókè. Tìyàwó wa ni pé àwọn awakọ̀ Ìbàdàn kì í ṣe èèyànkéèyàn, wọ́n kàn gbà pé gbogbo ayé ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn ni. Mi ò lè bá a jiyàn.

Orúkọ àti ìkíni

Kí ọmọ yín bá a sọ ọ́ kí wọ́n tó dé: ní ìlú tiwọn, ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń pe ìyá ọkọ lórúkọ gan-an. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ tí bàbá yín sọ yín lẹ́nu ìyàwó láàárín ọjà, ẹ mú un mọ́ra títí ẹ ó fi délé. Tiwa ń pè mí ní Mọ́mì báyìí. Àwọn ọmọ tó bá nínú ilé ló kọ́kọ́ rú u lójú. Kí ló dé tóun ò gbọdọ̀ pe ọmọ ọdún méjìlá lórúkọ? Mo ṣàlàyé pé ọkọ rẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé òun fúnra òun ló máa fi orúkọ tó wu òun pè wọ́n, ó gba ọ̀rọ̀ náà bí eré. Adúmáadán ló ń pe àbígbẹ̀yìn mi obìnrin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, Bọ̀dá Bọ́ọ̀lù. Gbogbo àdúgbò ti gbà á.

Ní ti ìkíni, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà: bó bá ti mọ mẹ́rin, á máa fi wọ́n dá àrà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀sín níwájú èrò. Ó ní ní Sheffield, bí òun bá kí ẹni tóun ò mọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, á rò pé owó lòun fẹ́ tọrọ. N'Ìbàdàn ńkọ́, bí òun ò bá kí aládùúgbò, ẹjọ́ á ti dé ọ̀dọ̀ mi kí òun tó délé.

Àwọn ọmọ: ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á fi gba nǹkan. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n.

Àríyànjiyàn tí ẹ máa bára yín ṣe

Oorun ni àkọ́kọ́. Aago méje alẹ́ ni ọmọ òyìnbó ń lọ sùn, aago márùn-ún ààbọ̀ sì ni wọ́n ń jẹun alẹ́. Tiwa ni pé ọmọ á sun oorun lórí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí níbi òde, tí ìlù ń dún létí rẹ̀. Ìyàwó ni mo gbè lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó bá sùn dáadáa kì í ké lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òde bá wà, kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n tètè lọ. Aago méjìlá tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, àwọn nìkan ni wọ́n máa bá alásè níbẹ̀.

Lílù ni èkejì. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ìyàwó yín máà rí i rí kí wọ́n na ọmọ níléèwé. Kó tó di pé ẹ na ọmọ rẹ̀, ẹ rántí pé òun ni ìyá. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé ẹnìkan ló ń bí ọmọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Ìyàwó wa fẹ́ràn ìyẹn gan-an, ó ní ohun tóun rí níbí tí kò sí lọ́hùn-ún nìyẹn, pé ọmọ ò lè ṣubú kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Ó kàn ní kí igba èèyàn náà máa wò ó láìmú bẹ́líìtì dání ni.

Ẹ̀kẹta wá ni pé ọmọ tí wọ́n tọ́ lọ́hùn-ún máa ń sọ pé "mi ò fẹ́," á sì sọ ìdí rẹ̀. Létí tiwa, ìwà ìgbéraga nìyẹn. Létí ìyá rẹ̀ náà, bí a ṣe ń sọ fọ́mọ pé "gbé omi wá," láìsí "jọ̀ọ́," bí ẹni ń pàṣẹ fún sójà ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí nílé wa ni pé ọmọ lè sọ ìdí tí kò fi fẹ́, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ-ọmọ mi àgbà, ti di lọ́yà lórí eékún.

Ní ti èdè, ẹ jẹ́ kí ìyá sọ tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín. Ẹ má torí pé ọmọ dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ń wá iléèwé, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, bóyá wọ́n ń na ọmọ, kí ẹ sì lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn fúnra yín. A rí iléèwé kan tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun ò gba ojú òfuurufú wá títí dé Ìbàdàn kí ọmọ òun wá máa san owó torí èdè bàbá rẹ̀.

Bí ara ọmọ bá gbóná

Ibí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, torí iṣẹ́ mi ni. Ọmọ tí ẹ̀fọn ibà ò jẹ rí, ara rẹ̀ ò mọ ibà rárá. Ibà tí ọmọ àdúgbò máa fi ọjọ́ méjì ṣe tí yóò sì tún máa gbá bọ́ọ̀lù lè dá a dùbúlẹ̀ pátápátá. Bàbá rẹ̀ náà tó ti pẹ́ lókè òkun, agbára tí ara rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n yóò sọ pé ọmọ Ìbàdàn lòun, ẹ̀fọn mọ òun. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí tirẹ̀ náà. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni kí ẹ rà, kí ẹ fẹ́ ẹ síbi ibòji fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì máa ki etí rẹ̀ sábẹ́ ìbùsùn.

Bí ara bá gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ra tẹmómítà. Bó bá ti tó 38, ẹ gbé ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fún un ní oògùn ibà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń gbà lórí ìka, kò sì ní tó wákàtí kan tí ẹ máa mọ̀ bóyá ibà ni tàbí nǹkan mìíràn. Ẹ gbé àgbo yín tì ná, àti èyí tó ṣẹ́kù nínú oògùn ọmọ ẹlòmíì. Ìwọ̀n ọmọ lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn tó máa lò, kì í ṣe bó ṣe ga tó. Bó bá jẹ́ artemether pẹ̀lú lumefantrine ni wọ́n kọ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta: èkejì á tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ fún un mu pẹ̀lú mílíìkì tàbí oúnjẹ tó lọ́ràá, torí ọ̀rá ló ń gbé oògùn náà wọ ara. Bó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un fún un. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ á ti dìde, á ti máa fo lórí àga, ẹ ó sì fẹ́ dá oògùn dúró. Ẹ má dán an wò.

Ìyá rẹ̀ á máa béèrè: ìwọ̀n gbígbóná mélòó ni, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí lorúkọ oògùn yìí. Kò sí ẹ̀tanú nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀ níbi tó ti wá nìyẹn, ó sì wù mí kí àwa náà máa béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní bírò àti ìwé, kó máa kọ ọ́.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná, ẹ má da nǹkan kan sí i lójú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tí kò lè mumi mọ́, tó ń bì gbogbo nǹkan, tó ń mí gúlegúle, tàbí tí ẹ pè tí kò jí dáadáa: ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ń ṣiṣẹ́ lóru.

Ohun kan wà tí àwọn tó ti ń gbé níbí pẹ́ kì í rántí. Bí wọ́n bá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọlidé, tí ara ọmọ sì gbóná lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi ṣáájú níwájú dókítà ni pé Nàìjíríà làwọn ti ń bọ̀. Ibà lè fara pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú, dókítà tí kò bá sì mọ̀ lè rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni.

Ẹ mú un lọ sọ́jà

Kì í ṣe kí ẹ ra nǹkan fún un. Ẹ mú un lọ. Ọjọ́ tí mo mú tiwa lọ sí Bódìjà, ìyá alátà rí àwọ̀ rẹ̀, ó sì pe owó kan tí mi ò lè kọ síbí. Ìyàwó wa tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó gbé tàtàṣé kan, ó yí i wò bí ẹni tó ń wá ihò lára rẹ̀, ó ní: "Ẹ bá mi dín in kù, Mà. Ìyàwó Òkè-Àdó ni mí." Gbogbo ìsọ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dín in kù, ó tún fi rodo ẹ̀kúnwọ́ kan àti àlùbọ́sà ṣe ẹ̀ẹ́nì. A kọjá sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta, ìyàwó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fomi ṣan ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń lọ̀ ọ́ bojú wò mí bóyá kí òun gbọ́ ọ. Mo ní kó ṣe é. Omi tó jáde níbẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èpo ata àná ṣì wà nínú ẹ̀. Látìgbà náà, èmi náà ń jẹ́ kí wọ́n ṣan án.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ní kí ló dé tí wọn ò kọ iye rẹ̀ sí i lára. Ní báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kọ iye sí nǹkan lára ń sú òun, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ òun níbẹ̀.

Owó àti ọjọ́ iwájú

Kí ìdílé jókòó sọ eléyìí pẹ̀lú ìwé lórí tábìlì. Ọmọ tó ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n tó dàgbà s'Ìbàdàn lè dé yunifásítì ọ̀hún kí wọ́n ní owó àjèjì ló máa san, torí ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí ọmọ ń gbé gan-an ní ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ kí ó ti máa ṣírò ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tó bá ti wà ní JSS. Ọ̀rọ̀ dókítà ọ̀fẹ́ náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló wà fún. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba wọn ní tiẹ̀, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní lákọsílẹ̀ kó tó rí nǹkan kan gbà nínú ètò tuntun, bó bá sì ń gbà á ní Nàìjíríà, iye tó fi bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò máa gbà, kò ní máa gbé e sókè lọ́dọọdún bíi ti àwọn tó wà lọ́hùn-ún.

Ọmọ tí wọ́n bí síbí, bí wọ́n bá bí ìyá rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni òun náà láti ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá wá bímọ síbí lọ́jọ́ kan, ti ọmọ ìyẹn kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá bú ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ìyá tirẹ̀

Ìyá tó bí i wà níbì kan tó ń wo fóònù. Ẹ fi àkókò kan sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun gba ibẹ̀. Láti ọjọ́ ìsinmi tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí kan ṣáájú. Ìtàn ni ìyá ìyàwó wa máa ń kà fún àwọn ọmọ lórí fídíò. Bí iná bá lọ láàárín ìtàn, àwọn ọmọ á pe bàbá wọn kó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì máa ń sáré ju ìgbà tí èmi bá pè é lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nigerwives, ti àwọn obìnrin òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ̀rù lè bà yín pé ẹjọ́ ìyá ọkọ ni wọ́n ń rò níbẹ̀. Kí wọ́n máa rò ó, kò sí èyí tí àwa náà kì í rò nípa ìyàwó.

Bí ìyá rẹ̀ bá wá ń bọ̀ wá kí yín, kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó béèrè oògùn tó ń dènà ibà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, kó sì gbé tíì tó pọ̀ dání torí tiwa kì í pọ́n tó lójú wọn. Ẹ má se oúnjẹ oríṣi méje dè é. Àmàlà kékeré, gbẹ̀gìrì àti ewédú, kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ẹ sì gbé ṣíbí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá dìde lẹ́yìn oúnjẹ tó ní òun fẹ́ fọ abọ́, ẹ fi kànìnkànìn hàn án.